Ọmọge Tí Wọ́n Ní Kó Máa Pe Ara Rẹ̀ Ní Ọmọ Ọdún 19

Fíìmù tí a mú wá sí abala wa lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe tuntun, kì í sì í ṣe èyí tí a lè ní kí tọmọdé tàgbà inú ilé jókòó tì. Orúkọ rẹ̀ ni The Neon Demon. Àwọn Faransé pàápàá kò yí orúkọ náà padà nígbà tí ó dé ilé sinimá wọn. Nicolas Winding Refn, ọmọ ilẹ̀ Denmark, ni ó darí rẹ̀, ó sì jáde ní ọdún 2016. Fíìmù ẹ̀rù ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tí wọ́n wọ̀ láṣọ àríyá ni. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọge tí ń fi ara wọn polówó aṣọ ni ó dá lé, àwọn tí à ń pè ní mannequin ní èdè Faransé tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa sì ń pè ní mọ́dẹ́lì. Àríyànjiyàn àwọn tí ó wò ó ni ó mú wa padà sí i lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Wọ́n jà, wọ́n sì ń jà títí di òní, àmọ́ lójú tiwa, ibi tí ìjà náà ti yẹ kó gbóná jù gan-an ni wọ́n fò dá.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ìtàn náà ní ṣókí, a ó sì sọ òpin rẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ òpin fo ìlà díẹ̀. Jesse jẹ́ ọmọ ọdún 16 tí kò ní òbí lẹ́yìn mọ́. Elle Fanning ni ó ṣe é. Ó dé sí Los Angeles, ó gba yàrá ní ilé ìtura olówó pọ́ọ́kú kan tí ọkùnrin oníwà burúkú ń ṣàkóso. Ruby, ẹni tí ń kun ojú fún àwọn mọ́dẹ́lì, fà á mọ́ra, ó sì mú un mọ Gigi àti Sarah tí wọ́n ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fojú kan Jesse ń la ẹnu sílẹ̀ ni. Iṣẹ́ tí àwọn ìyókù ti ń fi ebi àti abẹ wá láti ọjọ́ pípẹ́ bọ́ sí i lọ́wọ́ láàárín ìgbà díẹ̀. Ìlara dé. Ní ìkẹyìn, wọ́n tì í sínú adágún ìwẹ̀ tí kò sí omi nínú rẹ̀, wọ́n pa á, wọ́n sì jẹ ẹ́. A kò fi òwe sọ ọ́ o. Wọ́n jẹ ẹ́.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2016 ni wọ́n kọ́kọ́ fi í han aráyé ní àjọ̀dún sinimá Cannes, níbi tí ó ti wà lára àwọn fíìmù tí ń du Palme d'Or. Bí ó ṣe parí ni àwọn kan ń hó lé e lórí tí àwọn mìíràn sì ń pàtẹ́wọ́. Èyí kò ṣàjèjì sí Refn. Ní ọdún 2011, Cannes yìí kan náà fún un ní ẹ̀bùn olùdarí tó dára jù nítorí Drive. Ní ọdún 2013, wọ́n hó lé e lórí níbẹ̀ nítorí Only God Forgives. Àwọn tí inú bí sọ pé fíìmù náà dà bí àpótí olówó iyebíye tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ń rìn lójú oorun. Wọ́n bínú sí lẹ́tà NWR, ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ olùdarí náà, tí ó kọ sí iwájú fíìmù bí ìgbà tí ilé aṣọ ńlá bá lẹ àmì mọ́ báàgì. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, wọ́n bi í pé báwo ni ọkùnrin yóò ṣe máa bú àwọn tí ń fi ojú jẹ ara obìnrin, nígbà tí kámẹ́rà tirẹ̀ náà kò gbójú kúrò lára wọn fún odidi wákàtí méjì tó dín díẹ̀.

Àwọn tí wọ́n gbè é lẹ́yìn kò kéré. Wọ́n rántí Suspiria tí Dario Argento ṣe ní ọdún 1977, níbi tí àwọ̀ pupa àti àwọ̀ búlúù ti ń dẹ́rù bani ju ọ̀bẹ lọ. Wọ́n yin Natasha Braier, obìnrin ọmọ Ajẹntínà tí ó di kámẹ́rà mú, wọ́n sì yin orin Cliff Martinez, tí ó gba ẹ̀bùn orin fíìmù tó dára jù ní Cannes lọ́dún náà. (Refn fúnra rẹ̀ ti sọ pé ojú òun kì í rí àwọ̀ kan dáadáa, ìdí nìyẹn tí àwọ̀ inú fíìmù rẹ̀ fi ń ta kora bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé àwọ̀ ni ó ń fi ṣe yanga.) Ní tiwọn, òfìfo tí àwọn ọ̀tá rẹ̀ ń wí náà ni kókó ọ̀rọ̀: ayé tí ó ń ṣàpèjúwe ni ó ṣófo. Bí ó ti wù kí ó rí, owó tí fíìmù náà pa ní ilé sinimá kò tó èyí tí wọ́n ná lé e lórí.

Àwa náà wò ó. Àwa mẹ́jọ ni a jókòó sí pálọ̀ ọ̀kan nínú wa ní Àjàṣẹ́, kò sì sí ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 láàárín wa. Ìran kan wà ní ilé ìtọ́jú òkú tí a fi ọwọ́ sáré rékọjá. Ẹni tí ó bá fẹ́ pè wá ní ojo nítorí ìyẹn, a gbà.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pa wá lẹ́rìn-ín jù ni ìyá aránṣọ kan, aládùúgbò wa, tí ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nídìí ẹ̀rọ. Aṣọ ni màmá wá wò. Nígbà tí ó dé ibi tí Jesse ti jáde láti kádìí ìfihàn aṣọ, tí gbogbo ilé ṣókùnkùn, tí kò sí òǹwòran kan, tí iná onígun mẹ́ta ń tàn tí Jesse sì ń fi ẹnu ko àwòrán ara rẹ̀ nínú dígí, ìyá yìí na ọwọ́ sí tẹlifíṣọ̀n, ó ní: "Ẹ̀yin ọmọ mi, aṣọ ọ̀hún dà?" A rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni a rí i pé alámèyítọ́ kan kò lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìpàtẹ aṣọ ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó wọ aṣọ ni wọ́n pàtẹ.

Ọ̀dọ́kùnrin kan láàárín wa yanjú ọ̀rọ̀ náà ní kíá: àjẹ́ ni Ruby, Gigi àti Sarah, ó tán. Wọ́n ń mu ẹ̀jẹ̀, wọ́n ń jẹ ènìyàn, òṣùpá sì ń ràn lé wọn lórí. Ó yé wa pé ibẹ̀ ni ọkàn ọmọ Yorùbá yóò kọ́kọ́ sáré lọ. Ṣùgbọ́n a bá a jiyàn. Ní Kétu, nígbà tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá jáde, àwọn ìyá wa tí ó lágbára ni à ń jó fún. Gbogbo ẹwà ibẹ̀, igi gbígbẹ́, aṣọ aláràbarà, ìlù àti orin, ẹ̀bùn ni, tí à ń gbé síwájú wọn kí inú wọn lè rọ̀, kí ìlú lè tòrò. Agbára wà lọ́wọ́ àwọn ìyá yẹn. Agbára wo ni ó wà lọ́wọ́ Sarah? Nígbà tí ó rìn kọjá níwájú aránṣọ ńlá tí ń yan mọ́dẹ́lì, ọkùnrin náà kò tilẹ̀ gbójú sókè wò ó. Ó lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó fọ́ dígí, ó sì ń sunkún. Ọjà tí ọjọ́ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá lórí àtẹ ni, òun fúnra rẹ̀ sì mọ̀. Gigi ń ka iye ibi tí àwọn dókítà ti gé lára rẹ̀ bí ẹni tí ń ka oyè. Ebi ni ó ń pa àwọn méjèèjì, àwọn tí ó sì febi pa wọ́n kò farahàn ní ibi ìpànìyàn.

Ìran tí ó tún dá ìjà sílẹ̀ ni ti ilé ọtí. Dean, ọ̀dọ́kùnrin tí ó fẹ́ràn Jesse, sọ níwájú aránṣọ ńlá náà pé ohun tí ó wà nínú ènìyàn ni ó ṣe pàtàkì. Àwa kò jẹ́ sọ ọ́ báyẹn. À bá ní ìwà lẹwà, gbogbo tábìlì ì bá sì mi orí. Ṣùgbọ́n aránṣọ náà dá a lóhùn pé tí Jesse kò bá rẹwà, ṣé Dean ì bá dúró wò ó? Dean kò rí èsì kankan fọ̀. Àwọn kan láàárín wa ní fíìmù náà ń fi òwe àwọn àgbà ṣe yẹ̀yẹ́. A kò rí i bẹ́ẹ̀. Òwe náà kò ní àbùkù. Àwa tí à ń pa á ni kí a yẹ ara wa wò. Ọmọbìnrin wa ni à ń pa á fún ní òwúrọ̀, tí ó bá sì di ìrọ̀lẹ́ níbi ìnáwó, ọmọ ta ni a máa ń pè síwájú kí ayafọ́tò tó yà wá? Àwa tí à ń kọ abala yìí náà ti ṣe é rí nígbà tí a bá ń wá fọ́tò tí a ó lẹ̀ sí iwájú ìwé.

Wàyí o, ibi tí a sọ pé wọ́n fò dá. Nígbà tí Jesse lọ sí ilé iṣẹ́ tí ń bá àwọn mọ́dẹ́lì wá iṣẹ́, obìnrin tí ó ni ibẹ̀ wò ó, ó mọ̀ pé ọmọ ọdún 16 ni, ó sì sọ fún un pẹ̀lú ẹ̀rín pé kí ó máa sọ pé òun jẹ́ ọmọ ọdún 19. Ó ní 18 yóò ti hàn jù. Kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú ìran yìí, kò sí orin abanilẹ́rù, obìnrin náà sì sọ̀rọ̀ bí ìyá. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. A ka ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé tí àwọn òǹwòran kọ nípa fíìmù náà, nípa ojú tí Gigi bì jáde, nípa ẹran ìgbẹ́ tí ó wọ yàrá Jesse, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó dúró síbi tábìlì yìí. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n ti ta ọmọ náà. Àwọn tí ó jẹ ẹ́, wọ́n bá a lórí àwo ni.

Ayé gidi náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí kì í ṣe eré. Ní ilẹ̀ Faransé, láti ọdún 2017, mọ́dẹ́lì gbọ́dọ̀ ní ìwé dókítà pé ara rẹ̀ le kí ó tó ṣiṣẹ́, fọ́tò ìpolówó tí wọ́n bá sì ti fi kọ̀ǹpútà sọ ara mọ́dẹ́lì di tín-ín-rín tàbí mú un tóbi, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ « photographie retouchée » sí i. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, LVMH àti Kering, tí wọ́n ni púpọ̀ nínú àwọn ilé aṣọ ńláńlá ní Paris, ṣe àdéhùn pé àwọn kò ní í gba ẹni tí kò tíì pé ọdún 16 láti polówó aṣọ àgbàlagbà. Ẹ ṣàkíyèsí pé Jesse ti pé 16. Ọdún 2019 ni Kering tó kéde pé àwọn yóò gbé e sókè sí 18, bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 2020.

Bí a ti ń sọ èyí lọ́wọ́ ni ọmọbìnrin kan láàárín wa, tí ó ti pé ọmọ ogún ọdún báyìí, ní òun ní nǹkan láti sọ. Nígbà tí òun wà ní ọmọ ọdún 17, ẹnì kan rí fọ́tò òun lórí fóònù, ó kọ̀wé sí òun pé òun ga, ọrùn òun gùn, iṣẹ́ wà ní ìlú òyìnbó. Ó ní kí òun fi fọ́tò mìíràn ránṣẹ́, kí òun sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun jẹ́ ọmọ ọdún 19. Ìyá rẹ̀ ni kò jẹ́ kó lọ, wọn kò sì bára wọn sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì nítorí rẹ̀. Ìyá aránṣọ bi í pé: "Kí ló dé tí o kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ọmọ mi?" Ó dáhùn pé: "Màmá, mo rò pé ẹ ó ní mo ń fi ẹwà ṣe fáàrí ni."

Pálọ̀ dákẹ́. Ẹnì kan tún ìparí fíìmù náà gbé sí i. Wọ́n ti pa Jesse, wọ́n wà létí òkun níbi iṣẹ́ tuntun, ayafọ́tò tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kun Jesse ní wúrà lọ́jọ́ kìíní wà níbẹ̀. Ó rí Sarah, ojú rẹ̀ tàn, ó lé mọ́dẹ́lì mìíràn kúrò, ó sì fi Sarah rọ́pò. Kò sí ibi tí a ti gbọ́ kí ó béèrè Jesse.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí irú ìpè bẹ́ẹ̀ bá ti kàn rí, yálà ẹ lọ o tàbí ẹ kò lọ, ẹ kọ̀wé sí wa ní Yorùbá tàbí ní Faransé. A kò ní í dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ọmọbìnrin náà ní nọ́ńbà ọ̀hún ṣì wà nínú fóònù òun. Ó fi hàn wá. Fọ́tò tí ó wà lójú nọ́ńbà náà báyìí jẹ́ ti ọmọge mìíràn, nínú aṣọ funfun, tí kò tíì lè ju ọmọ ọdún 15 lọ.