ONÍṢÈGÙN ÀTI Ọ̀RÀN ÌLÚ

Àwọn àgbà ní, bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tí a kò bá tètè kìlọ̀ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Òwe yìí ni a fi ṣíwájú ọ̀rọ̀ wa lọ́sẹ̀ yìí, nítorí ìbéèrè kan ń jà láàárín àwọn ọmọ wa tí ń kọ́ ìṣègùn òyìnbó, àti láàárín àwọn òbí tí wọ́n ta kòkó, tí wọ́n fi oko dógò, kí ọmọ wọn lè di dókítà. Ìbéèrè náà ni pé: ǹjẹ́ ó tọ́ kí dókítà máa ja ìjà ẹ̀tọ́ àwọn mẹ̀kúnnù? Bí ó bá sì tọ́, báwo ni yóò ṣe ṣe é tí aláìsàn kò fi ní kú mọ́ ọn lọ́wọ́?

Ọ̀rọ̀ pín sí ọ̀nà méjì lẹ́nu àwọn ènìyàn. Àwọn kan ní iṣẹ́ dókítà kò ju pé kí ó yẹ aláìsàn wò, kí ó gún abẹ́rẹ́, kí ó gba owó rẹ̀, kí ó sì fi ọ̀ràn ìlú sílẹ̀ fún àwọn olóṣèlú. Àwọn kejì ní ẹni tí ó mọ̀wé tó bẹ́ẹ̀ tí kò dìde gbèjà ìlú, ọ̀dàlẹ̀ ni, ìbáà jẹ́ pé ó ń wo ọgọ́rùn-ún ènìyàn sàn lójoojúmọ́. Àwa kò gba ti èkínní rárá, a kò sì gba ti èkejì tán.

Ẹ jẹ́ kí a fi ohun tí gbogbo àgbẹ̀ mọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ta ni nínú àwọn àgbà oko tí kò mọ sòbìyà, àrùn tí í so ọkùnrin alágbára mọ́ ẹní nígbà tí ebè ń dúró dè é lóko? Kò sí oògùn tí í pa aràn yìí nínú ara, kò sì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára tí í dènà rẹ̀. Inú omi adágún tí a mu ni ó ti ń wọlé, ó sì di nǹkan bí ọdún kan kí ó tó yọrí jáde ní ẹsẹ̀. Dókítà tí ó bá jókòó sílé ìwòsàn, tí ó ń wé aṣọ mọ́ ojú egbò, yóò wé e títí orí rẹ̀ yóò fi funfun, sòbìyà kò ní tán. Nígbà tí a ka àwọn tí ó ń dà láàmú ní Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1988, iye wọn lé ní 650,000. Ohun tí ó ṣẹ́gun rẹ̀ ni kànga tí a gbẹ́, aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi, oògùn tí a dà sínú adágún, àti àwọn ará abúlé fúnra wọn tí a kọ́ láti máa ṣọ́ omi wọn. Ní 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn tí ó ní in nílẹ̀ yìí. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé sòbìyà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà.

Kí ni a rí kọ́ nínú èyí? Kànga kì í ti inú àpò dókítà jáde. Inú àpò ìlú ni ó ti ń jáde, ọwọ́ ìjọba ni àpò ìlú sì wà. Nítorí náà, dókítà tí ó bá fẹ́ kí aláìsàn òun sàn tọkàntọkàn kò lè ṣàì bá ìjọba sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó ní kí dókítà má dá sí ọ̀ràn ìlú, ohun tí ó ń wí ni pé kí ó máa gbọ́n omi inú ọkọ̀ tí ó lu, kí ó má sì béèrè ibi tí ojú ihò wà.

Àwọn tí ó ṣáájú wa mọ èyí dájú. Ní 1908, nígbà tí ìjọba amúnisìn fẹ́ bu owó omi ẹ̀rọ lé àwọn ará Èkó lórí, dókítà méjì, John Randle àti Orísadípẹ̀ Ọbasá, ni wọ́n kó ìlú jọ, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti takò ó. Kì í ṣe pé wọn kò mọ iyì omi mímọ́. Ta ni kò mọ̀ ọ́n bí oníṣègùn? Wọ́n rò pé kò yẹ kí a di ẹrù lé ará ìlú lórí láìbi í léèrè.

Dókítà Ògúntọ́lá Sàpárà ní tirẹ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Nígbà tí ilẹ̀ gbígbóná ń pa àwọn ènìyàn wa, kò dúró sílé máa retí aláìsàn. Ó wọ ẹgbẹ́ awo àwọn abọ̀rìṣà náà láti mọ ìdí rẹ̀, ó sì rí i pé àwọn kan láàárín wọn ń fi èépá egbò aláìsàn tan àrùn náà kálẹ̀. Ó kó ohun tí ó rí síwájú ìjọba, òfin tí ó de ẹgbẹ́ awo náà sì jáde. Ẹ rántí pé ẹ̀mí ara rẹ̀ ni ó fi wewu.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Dókítà J. C. Vaughan, ẹni tí ń tọ́jú àwọn tálákà lọ́fẹ̀ẹ́ ní Èkó. Ní 1934, nígbà tí ìjọba ṣí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti Yábàá, tí ó sì hàn gbangba pé igbákejì dókítà lásán ni àwọn tí yóò kọ́ ìṣègùn níbẹ̀ yóò jẹ́ lábẹ́ òyìnbó, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Èkó sílẹ̀, òun sì ni ààrẹ àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ yìí ni ó di Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Nàìjíríà ní 1936, òun ni ó sì borí ìbò ní Èkó ní 1938. Vaughan kò sí láyé mọ́ nígbà náà. Ó ti papò dà ní 1937. Ẹni tí ó gbin ọ̀pẹ kọ́ ni ó jẹ ẹyìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pẹ hù.

Àpẹẹrẹ tí ó tún sún mọ́ wa ni ti tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì, ọmọ Ẹ̀gbá, tí ìyá wọn, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, kó àwọn obìnrin Abẹ́òkúta jọ láti takò owó orí ní àwọn ọdún 1940. Olíkóyè, ẹ̀gbọ́n, jẹ́ dókítà àwọn ọmọdé. Ní 1985 ó gba iṣẹ́ mínísítà ìlera, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1992. Ó mú ìtọ́jú ìlera lọ sí ìgbèríko: abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ọmọ, omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tí ń yàgbẹ́ gbuuru, kí ìyá má ba à fẹsẹ̀ rìn lọ sí ìlú ńlá kí ọmọ sì kú sí i lẹ́yìn lójú ọ̀nà. Bẹ́kọ, àbúrò, dúró níta. Ní 1977, nígbà tí àwọn ọmọ ogun kọlu ilé Fẹlá, iná jó ilé ìwòsàn tirẹ̀ pẹ̀lú. Ní 1985 ó wà lára àwọn aṣíwájú Ẹgbẹ́ Àwọn Dókítà tí ìjọba ológun tì mọ́lé nítorí pé wọ́n pariwo pé kò sí oògùn ní ilé ìwòsàn. Ní 1989 ó wà nídìí dídá ẹgbẹ́ tí ń gbèjà ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sílẹ̀. Ní 1995 wọ́n dá ẹ̀wọ̀n gbére fún un, wọ́n sì yí i padà sí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò sì jáde títí di 1998.

Ẹ̀gbọ́n jókòó nínú ìjọba, ìjọba kan náà sì ń ti àbúrò mọ́lé. Àwọn kan yóò béèrè èwo ni ó ṣe dáadáa. Èsì wa ni pé ọmọ tí ó rí abẹ́rẹ́ gbà kò béèrè èyí, ẹni tí a gbà sílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá kò sì béèrè èyí. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra.

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ bo ìhà kejì ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Gbogbo ọjọ́ tí dókítà bá lò lẹ́wọ̀n, ọjọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kò kan aláìsàn ni. Gbogbo wákàtí tí ó bá lò lórí àga ìpàdé, ẹnìkan ń dúró dè é lórí bẹ́ńṣì. Èyí tí ó sì le jù ni ìyanṣẹ́lódì. Nígbà tí àwọn dókítà bá ti ilẹ̀kùn nítorí pé ìjọba kò ra oògùn, ọmọ mínísítà kọ́ ni ó ń jìyà. Yóò wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí ìlú òyìnbó. Aya àgbẹ̀ tí ó ń rọbí lóru ni ó ń jìyà. A mọ̀ pé láìsí ìyanṣẹ́lódì, etí ìjọba a máa di. Síbẹ̀ a kò ní bo òtítọ́: ìjà tí a ń jà nítorí tálákà, tí tálákà nìkan sì ń sanwó rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀mí, ìjà náà ti ṣìnà.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa fún àwọn ọmọ wa tí ń ṣe iṣẹ́ yìí jẹ́ mẹ́rin. Èkínní, kí aláìsàn tí ó wà níwájú rẹ ṣáájú. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, ta ni yóò gbọ́ tirẹ̀ ní gbangba? Èkejì, má ṣe dá nìkan jà. Bá ẹlẹgbẹ́ rẹ da iṣẹ́ pọ̀, kí ẹnìkan wà nídìí aláìsàn nígbà tí ẹnìkejì bá lọ sí ìpàdé, kí ilẹ̀kùn má tì bí wọ́n bá tilẹ̀ mú ọ. Ẹ̀kẹta, bí ìyanṣẹ́lódì bá di dandan, ẹ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún aboyún, fún ọmọ ọwọ́, àti fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. Ẹ̀kẹrin, má ṣe béèrè ẹgbẹ́ òṣèlú tí aláìsàn wà. Ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ni wá, a sì ń sọ ọ́ láìbẹ̀rù: bí ọ̀tá wa bá dùbúlẹ̀ síwájú dókítà ọmọ ẹgbẹ́ wa, kí ó tọ́jú rẹ̀ bí ìyekan rẹ̀. Àṣírí aláìsàn kì í sì í ṣe ohun ìjà ìṣèlú.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ kàn yín pẹ̀lú. Ẹ̀ ń rí i pé àwọn dókítà wa ń kó lọ sí òkè òkun lójoojúmọ́. Ẹ má ṣe ṣépè fún wọn. Ẹ béèrè ohun tí ó lé wọn: owó oṣù tí kì í dé bọ̀rọ̀, ilé ìwòsàn tí kò níná, àti ìlú tí í ṣe sàdáńkátà fún dókítà oníwàásù lórí pèpéle ìṣèlú ṣùgbọ́n tí kò bá a gbé ẹrù. Ní 2001, àwọn olórí orílẹ̀-èdè Áfíríkà péjọ ní Abuja, olú-ìlú tiwa gan-an, wọ́n sì ṣèlérí pé nínú 100 náírà tí ìjọba bá fẹ́ ná, 15 yóò jẹ́ ti ìlera. Àwa tí a gbà wọ́n lálejò kò tíì mú ìlérí náà ṣẹ. Nígbà tí ẹni tí ń wá ìbò bá dé abà yín, ẹ má ṣe béèrè iyọ̀ àti aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ béèrè 15 náírà yẹn. Ẹ béèrè omi. Ẹ béèrè nọ́ọ̀sì tí yóò sùn sí abúlé.

Bí ẹ̀yin bá ń béèrè, dókítà kò ní fi yàrá aláìsàn sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà wá bá yín béèrè. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Dókítà yóò fi ìmọ̀ rẹ̀ sọ ohun tí ó ń pa wá, àwa yóò fi ohùn wa àti ìbò wa fa ìdí rẹ̀ tu. Báyìí nìkan ni ẹni kan ṣe lè jẹ́ oníṣègùn rere àti ọmọ ìlú rere, tí èkínní kò fi ní pa èkejì lára.