Orúkọ Ìlú Wa Kì Í Ṣe Àṣìṣe

Àwa ará Ìdó-Ilé-Èkìtì kọ orúkọ ìlú wa sí fọ́ọ̀mù tó gba A dé Z nìkan, àpótí rẹ̀ pupa fòò: kò tọ̀nà, ẹ tún un kọ. Ká tún kí ni kọ? Tá a bá yọ àmì orí Ẹ̀fọ̀n, ìlú ìtòsí wa, ìyàtọ̀ wo ló kù láàárín òun àti ẹ̀fọn tó ń jẹni lóru?

Ẹ̀bi kọ̀ǹpútà kọ́. Unicode, tó fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, ti wà láti 1991. Lóòótọ́, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ẹ̀ ò ní; àmì la máa ń fi lé e. Ìyẹn náà ò le! Ọ̀lẹ ló ń ṣe ẹni tó kọ òfin A dé Z.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe áàpù, ẹ fi Ìdó-Ilé-Èkìtì dán an wò, tòun tàmì, tòun ti dáṣì. Tó bá kọ̀ ọ́, ẹ má tíì gbé e jáde.