Ìwádìí Exosome: Wákàtí Àkọ́kọ́ Ló Ṣe Pàtàkì Jù

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ̀sọ̀ pa èèrà yóò rí ìfun inú rẹ̀. Òwe yìí bá iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣègùn tó ń wá exosome mu. Exosome ni àpò tíntìntín tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ara ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀, itọ́ àti omi ọmú. Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ìbú exosome kò ju nǹkan bí 30 sí 150 lọ nínú rẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Rose Johnstone ti Yunifásítì McGill ní Kánádà, tí ó ṣe ìwádìí lórí ẹ̀jẹ̀ àgùntàn, ló mú orúkọ yìí wá lọ́dún 1987. Nígbà náà, pàǹtírí tí sẹ́ẹ̀lì ń gbá dànù ni ọ̀pọ̀ kà á sí. Lónìí, ó ti hàn pé ìránṣẹ́ ni: ó ń gbé purotéènì àti RNA láti ọ̀dọ̀ sẹ́ẹ̀lì kan lọ sí òmíràn. Sẹ́ẹ̀lì tó ní àrùn jẹjẹrẹ a sì máa fi àmì àrùn náà sínú exosome tirẹ̀. Lórí ìmọ̀ yìí ni ilé-iṣẹ́ Exosome Diagnostics ní Amẹ́ríkà ti gbé àyẹ̀wò ìtọ̀ kan jáde lọ́dún 2016, láti ran dókítà lọ́wọ́ láti mọ ọkùnrin tó yẹ kí wọ́n gé ẹran díẹ̀ lára prostate rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ní Nàìjíríà, níbi tí jẹjẹrẹ prostate ti wọ́pọ̀ jù lọ láàrin jẹjẹrẹ àwọn ọkùnrin, irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n kí a tó mọ iṣẹ́ tí exosome ń jẹ́, a ní láti yà á sọ́tọ̀. Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí yóò lóye rẹ̀: èèrí á kù sínú asẹ́, ògì á sílẹ̀, omidùn á wà lókè. Ní yàrá ìwádìí, ẹ̀rọ tí ń yí bírí ni wọ́n ń lò. Àyípo tí kò le púpọ̀ ni yóò kọ́kọ́ kó sẹ́ẹ̀lì sí ìsàlẹ̀, wọn yóò sì da omi orí rẹ̀ sínú ike mìíràn. Èyí tó le jù ú lọ yóò kó àfọ́kù sẹ́ẹ̀lì. Àṣekágbá rẹ̀, tí agbára rẹ̀ tó ìlọ́po 100,000 agbára òòfà ilẹ̀, ni yóò mú exosome sílẹ̀ lẹ́yìn bíi wákàtí kan ó lé.

Síbẹ̀, kò sí ọ̀nà tí kò ní àbùkù. Àwọn hóró ọ̀rá kan nínú ẹ̀jẹ̀ kò tóbi ju exosome lọ, wọ́n sì pọ̀ jù ú lọ fíìfíì. Bí ike ẹ̀jẹ̀ bá mì jù, tàbí tí ó bá pẹ́ kí wọ́n tó yí i, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì á bẹ̀rẹ̀ sí í tú àpò tiwọn jáde nínú ike. Ohun tí olùwádìí yóò pè ní àmì àrùn lè jẹ́ àmì ìrìn àjò lásán.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan Nàìjíríà gbọ̀ngbọ̀n. Wọ́n ń sẹ́ omi ìsédò Lower Usuma ní agbègbè Bwari kí ó tó dé ilé àwọn ará Àbújá, ṣùgbọ́n bí páìpù bá bẹ́ lójú ọ̀nà, òfo ni iṣẹ́ náà já sí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀jẹ̀. Ká ní aláìsàn kan ní Bwari fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún ìwádìí lówùúrọ̀, tí ike náà wà lórí tábìlì nítorí pé iná lọ, tí ọkọ̀ tó gbé e gba Dutse sì há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ títí di ọ̀sán, kò sí ẹ̀rọ olówó ńlá tó lè tún un ṣe mọ́.

Kì í ṣe pé Àbújá ṣófo. Institute of Human Virology Nigeria, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2004, kọ́ ibi ìpamọ́ ẹ̀jẹ̀ àti nǹkan ara mìíràn fún ìwádìí lábẹ́ ètò H3Africa. Ẹ̀rí nìyẹn pé iṣẹ́ náà ṣeé ṣe nílé. Àwọn kan lè sọ pé ẹ̀rọ ńlá ló yẹ kí ìjọba kọ́kọ́ rà, kí Nàìjíríà má bàa gbẹ́yìn. Èrò náà kò tọ́. Ó yẹ kí owó kọ́kọ́ dé ibi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀: ẹ̀rọ ayíbírí kékeré, iná oòrùn, ẹ̀rọ amómidì, àti òṣìṣẹ́ tó ń kọ wákàtí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀.

Ó yẹ kí aráàlú náà wà lójúfò. Lóṣù Kejìlá ọdún 2019, àjọ FDA ti Amẹ́ríkà kìlọ̀ nípa àwọn tó ń ta exosome gẹ́gẹ́ bí ìwòsàn, lẹ́yìn tí ó ṣe àwọn aláìsàn kan ní ìpínlẹ̀ Nebraska ní jàǹbá. Bí yàrá ìwádìí pàápàá bá ń làágùn kí ó tó rí exosome tó mọ́, ó tọ́ kí a bi ẹni tó ń polówó abẹ́rẹ́ rẹ̀ bí ó ti ṣe rí i.

Ohun àfisọ́wọ́ ni ẹ̀jẹ̀ tí aláìsàn fi tọkàntọkàn sílẹ̀. Bí a kò bá lè tọ́jú rẹ̀ ní wákàtí àkọ́kọ́, kò yẹ kí a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.