Ẹni tó bá gba owó ṣáájú, kó ṣe tán láti jíhìn

Ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀, ẹ̀yin ará mi, pàápàá ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa ní Ailegun tẹ́ ẹ fẹ́ràn géèmù, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń gbà ta géèmù, early access ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ ò tíì parí, wọ́n á ti máa tà á, kí wọ́n lè fi owó yẹn parí ẹ̀. Ó dà bíi kí lánlọ́ọ̀dù gba owó ilé ọdún méjì nígbà tí wọn ò tíì kan òrùlé. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ o, bó bá ṣáà ti sọ òótọ́.

Lọ́dún 2021, iléeṣẹ́ Fntastic, tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì láti Rọ́ṣíà dá sílẹ̀, polówó géèmù The Day Before. Fídíò ẹ̀ dùn ún wò. Wọ́n dá ọjọ́, wọ́n yẹ ọjọ́, léraléra. Ọjọ́ 7 oṣù kejìlá 2023 ló tó jáde, ní nǹkan bíi 40 dọ́là, ohun táwọn èèyàn rí kì í sì ṣe ohun tí wọ́n polówó. Ọjọ́ mẹ́rin péré lẹ́yìn ẹ̀, iléeṣẹ́ náà ní àwọn ti kógbá sílé. Nígbà tó di 22 oṣù kìíní 2024, géèmù náà ò ṣeé gbá mọ́.

Àwọn yẹn tiẹ̀ dá owó padà fáwọn tó rà á lórí Steam. Godus ńkọ́? Lọ́dún 2012, iléeṣẹ́ Peter Molyneux gba owó tó lé ní 500,000 pọ́n-ùn lọ́wọ́ aráàlú láti ṣe é. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á láìparí lọ́dún 2013. Lọ́dún 2023 wọ́n yọ ọ́ kúrò lórí Steam, iṣẹ́ ò sì parí.

Ẹnì kan á ní, "Pásítọ̀, ẹni tó rà á ṣáà mọ̀ pé kò tíì parí." Òótọ́ ni. Steam gan-an kìlọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí oníbàárà gbà ni pé iṣẹ́ lè má yọrí. Kò gbà pé kẹ́ ẹ parọ́ fún òun, tàbí kẹ́ ẹ dákẹ́ kẹ́ ẹ sì jókòó sórí owó.

Ẹ ka Lúùkù 14:28-30. Ọkùnrin tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ yẹn ní èrò tó dáa. Ìṣirò ni kò ṣe, ló fi di ẹni ẹ̀sín.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa pásítọ̀ náà. Tá a bá gba owó ilé ìjọsìn lọ́wọ́ ìyá oníṣu àti ọlọ́kadà, ìwé ìṣirò gbọ́dọ̀ jáde kí wọ́n tó bèèrè. Ẹni tó bèèrè kì í ṣe ọ̀tá ìjọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tẹ́ ẹ rí ni kẹ́ ẹ sanwó fún, kì í ṣe ìlérí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ṣe géèmù lọ́la, ẹ ṣèlérí kékeré, kẹ́ ẹ parí ẹ̀. Bí kò bá sì ṣeé ṣe mọ́, ẹ tètè sọ ọ́, kẹ́ ẹ dá owó olówó padà.

Olúwa á fún wa lágbára láti parí ohun tá a bẹ̀rẹ̀, lórúkọ Jésù. Ẹ ṣe àmín.