External Kan Ṣoṣo Kì Í Ṣe Ìpamọ́

Ẹ̀yin ará Limawa ní Minna, ẹ̀yin oníbísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, ẹ̀yin onífọ́tò, ẹ̀yin akọ̀wé ìjọ àti ti mọ́ṣáláṣí, ẹ̀yin tíṣà, àti ẹ̀yin ọmọ yunifásítì FUT Minna tí ẹ ń kọ próójẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, ẹ̀yin ni mo kọ ìwé yìí sí.

Gbólóhùn kan wà lẹ́nu gbogbo wa ní Minna, ìbáà jẹ́ Yorùbá, Nupe, Hausa tàbí Gbagyi là ń sọ nílé: "Mo ti kó gbogbo ẹ̀ sórí external, kò séwu mọ́." Irọ́ ni. Ewu ń bẹ. Ẹni tó kó fáìlì rẹ̀ sórí external, ìyẹn háàdì dísìkì tí à ń fi wáyà so mọ́ kọ̀ǹpútà, tó wá pa ti inú láàpútọ́ọ̀pù rẹ́ kí àyè lè wà, kò tíì pa ohunkóhun mọ́. Ẹ̀dà kan ló ní tẹ́lẹ̀, ẹ̀dà kan náà ló ṣì ní. Ibi tó wà nìkan ló yí padà.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí à ń fọkàn tán yìí dáadáa. Nínú external ọ̀pọ̀ wa, àwo pẹlẹbẹ kan ń yí nígbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ti òmíì ń yí nígbà 7,200. Orí kékeré kan tó ń kọ nǹkan sára àwo yìí, tó tún ń kà á, ń fò lókè rẹ̀ láìfara kàn án, àlàfo àárín wọn sì tín-ín-rín ju fọ́nrán irun lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Bí external bá já bọ́ lórí tábìlì nígbà tó ń ṣiṣẹ́, orí yẹn lè ha àwo náà, ohun tó wà níbi tó ha sì ti lọ nìyẹn. IBM ló kọ́kọ́ gbé irú ẹ̀rọ yìí jáde lọ́dún 1956. Láti ìgbà náà wá, kò sí iléeṣẹ́ tó tíì ṣe èyí tí kì í bàjẹ́.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ iná. Ìpínlẹ̀ Niger tiwa yìí ni dáàmù Kainji, Shiroro àti Zungeru wà, síbẹ̀ gbogbo wa la mọ bí NEPA ṣe ń ṣe wá. Bí iná bá lọ nígbà tí kọ̀ǹpútà tí kò ní UPS ń kọ nǹkan sórí external, àkọsílẹ̀ tó ń tọ́ka ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà lè dàrú. Bí iná bá padà dé, Windows á ní àfi kí ẹ fọ́máàtì rẹ̀ kí ẹ tó lè lò ó. Ká má tíì dé orí olè: inú báàgì kan náà lọ̀pọ̀ wa ń kó láàpútọ́ọ̀pù àti external sí, ẹni tó bá jí báàgì náà gbé ti kó méjèèjì lọ.

Àwọn kan á ní, "Bó bá bàjẹ́, ẹnjiníà á bá mi yọ ọ́ jáde." Mo bọ̀wọ̀ fáwọn ẹnjiníà wa, ọ̀pọ̀ nínú wọn mọṣẹ́, ṣùgbọ́n agbára wọn níbi tó mọ. Fáìlì tí a ṣèèṣì pa rẹ́ lórí háàdì dísìkì alàwo ṣì lè jáde, bí a kò bá tíì kọ nǹkan míì lé e lórí. Sọ́fítíwíà TestDisk àti PhotoRec, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Ti SSD, èyí tí kò ní àwo tó ń yí, yàtọ̀: bí a bá ti pa fáìlì rẹ́, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ sábà máa ń nu ibẹ̀ láìpẹ́, kò sì ní sí ohun tí ẹnikẹ́ni á rí yọ. Èyí tó bá ń dún kọ́-kọ́-kọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé orí tó ń kà á ló ti bàjẹ́. Inú yàrá tí wọ́n ti sẹ́ eruku inú afẹ́fẹ́ rẹ̀ kúrò ni wọ́n ti ń tú irú ẹ̀, owó gọbọi ni wọ́n sì ń gbà láìfọwọ́ sọ̀yà. Ẹni tó bá tú u lórí tábìlì ní Limawa lásìkò ọyẹ́ ń pa á pátápátá ni.

Àwọn míì á ní, "Tèmi wà lórí Google." Ìyẹn dára, àmọ́ òun nìkan kò tó. Bí fáìlì inú kọ̀ǹpútà yín bá so mọ́ Google Drive, tí ẹ pa á rẹ́ níhìn-ín, ó pa rẹ́ lọ́hùn-ún náà, ọgbọ̀n ọjọ́ péré ló sì ń lò nínú ibi ìdalẹ̀nù kó tó lọ pátápátá. Ẹ sì rántí 14 oṣù Kẹta 2024, nígbà tí wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Ivory Coast, tí íntánẹ́ẹ̀tì dákú fún ọ̀pọ̀ èèyàn ní Nàìjíríà, tí àwọn báńkì kan kò lè dá wa lóhùn. Ọ̀pọ̀ ẹni tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan kò rí nǹkan kan ṣe lọ́jọ́ náà.

Bí ẹ bá rò pé àwọn ńlá ti bọ́ nínú ewu yìí, ẹ gbọ́ èyí. Ní 26 oṣù Kẹsàn-án 2025, iná jó ilé tí ìjọba South Korea ń kó dáàtà sí ní ìlú Daejeon. G-Drive, ibi ìpamọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń lò, jóná, 858 terabyte, kò sì sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíì. Wọ́n ní ó ti tóbi jù. Ní 31 oṣù Kìn-ín-ní 2017, òṣìṣẹ́ kan ní GitLab, iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan, ṣèèṣì pa dáàtà iléeṣẹ́ náà rẹ́. Ọ̀nà ìpamọ́ márùn-ún ni wọ́n ní, kò sí ọ̀kan tó ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ẹ̀dà tí ẹnì kan ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ṣáájú ló yọ wọ́n.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ ní ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan lórí external, ọ̀kan níbi tó jìnnà sílé. Ayàwòrán ará Amẹ́ríkà kan, Peter Krogh, ló sọ ìlànà yìí di mímọ̀. Ibi tó jìnnà lè jẹ́ Google Drive, tó ń fúnni ní 15GB lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwé, èsì ìdánwò àti próójẹ́ẹ̀tì á gbà síbẹ̀. Ó sì lè jẹ́ external kejì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n yín ní Bida tàbí Ìlọrin. Ẹ yọ external kúrò lára kọ̀ǹpútà bí ẹ bá ti kọ́pì tán, kí fáírọ́ọ̀sì má bàa ràn án. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ ṣí fáìlì díẹ̀ lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀dà tí a kò tíì ṣí wò, a kò lè fi yangàn.

Bí external bá sì bẹ̀rẹ̀ àìsàn, tó ń pẹ́ kó tó ṣí, tí kọ́pì ń há láàárín, ẹ má kọ nǹkan kan sí i mọ́. Ẹ pààrọ̀ wáyà àti ihò USB. Nígbà míì, wáyà lásán ló bàjẹ́. Ẹ fi sọ́fítíwíà CrystalDiskInfo yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá ti kọ "Caution", ẹ kó ohun tí ẹ kò lè rí tún ṣe kúrò ṣáájú gbogbo nǹkan. Ẹ má fọ́máàtì. Ẹ má sì sáré lo chkdsk ti Windows: àkọsílẹ̀ dísìkì ló ń tò, kì í ṣe fáìlì yín ló ń gbà là, ó sì lè parí èyí tó ti ń kú lọ. Bó bá ń dún kọ́-kọ́-kọ́, ẹ yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀yin oníbísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, ọwọ́ yín lọ̀rọ̀ yìí kù sí. Kí ẹ tó gba owó ọmọ tó wá tẹ próójẹ́ẹ̀tì, ẹ bi í pé: "Ẹ̀dà kejì dà?" Bí kò bá ní, ẹ bá a ṣe é kó tó kúrò níwájú yín.