Owó Háyà Kò Gbọdọ̀ Pa Awakọ̀ Bàálù Lẹ́nu Mọ́

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò tó wà ní Ilé-Ifẹ̀, láti Lágere dé Mayfair, láti Sábó títí dé Ẹnuwá, ni yóò sọ pé ọ̀rọ̀ bàálù kékeré kò kan àwọn. Wọ́n á ní ọ̀rọ̀ gómìnà ni, ọ̀rọ̀ ẹni tó ni báńkì ni, kì í ṣe ti ẹni tó ń ta aṣọ tàbí ẹni tó ń tẹ ìwé. Ilé-Ifẹ̀ kò kúkú ní pápákọ̀ òfurufú. Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́ ni ẹni tó bá fẹ́ wọ bàálù ń lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, wọn ò kàn kíyè sí i ni. Ẹni tó ń bá èèyàn ṣètò ìnáwó lè gbọ́ lẹ́nu oníbàárà pé hẹlikọ́pítà ni kí wọ́n fi gbé ìyàwó wọlé. Agbaṣẹ́ṣe tó ń kọ́lé fún olówó kan lè gbọ́ pé, "Wá bọ́ sínú bàálù mi, ká jọ lọ wo ilẹ̀ náà." Bàbá oníṣòwò tó lọ kí ọmọ rẹ̀ ní Texas lè bá a pé ọ̀rẹ́ ọmọ náà ní bàálù ẹlẹ́ni mẹ́rin tó fi ń gbafẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, tó sì fẹ́ fi gbé bàbá yípo ìlú. Oníṣòwò kékeré lè jẹ́ ẹni tó sanwó, ó lè jẹ́ ẹni tó bá wọn wá bàálù náà, ó sì lè jẹ́ ẹni tí wọ́n ṣe lóore.

Èyí ó wù kó jẹ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun kan wà tó yẹ kó mọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà tí bàálù kékeré bá já, ìwádìí máa ń fi hàn pé ẹnìkan wà tó yẹ kó sọ pé "a ò lọ mọ́," tí kò sọ ọ́. Ó lè jẹ́ pé ẹni ńlá ló ń dúró, ó lè jẹ́ pé owó ti wọlé, ó sì lè jẹ́ pé àkókò ti lọ. Nítorí náà, ẹni tó ní owó lọ́wọ́ ní iṣẹ́ tirẹ̀ láti ṣe kí bàálù tó gbéra.

Bàálù ńlá tó ń gbé èrò láti Èkó lọ sí Àbújá ní awakọ̀ méjì, ó ní ju ẹ́ńjìnnì kan lọ, ó sì ní ọ́fíìsì tó ń bá a wo ojú ọjọ́ kó tó dìde. Kò sí èrò tó lè wọlé lọ bá awakọ̀ pé kó ṣe kíá. Bàálù tí wọ́n fi ń gbafẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ ẹ́ńjìnnì kan àti awakọ̀ kan, tí ẹni tó sanwó sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ojú ni awakọ̀ náà fi ń mọ ibi tí ilẹ̀ wà. Bó bá kó sínú ìkùukùu, tàbí tí eruku ọyẹ́ bo ojú ọ̀run, ara rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tàn án jẹ. Yóò máa rò pé òun ń lọ gbọọrọ, bẹ́ẹ̀ bàálù ti ń dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì ti ń lọ sílẹ̀.

Ẹrù náà tún wà ńbẹ̀. Bí oòrùn bá mú, afẹ́fẹ́ máa ń fúyẹ́, apá bàálù kì í sì rí i gbé sókè bó ṣe yẹ. Ó ní láti sáré jìnnà kó tó lè kúrò nílẹ̀. Bí wọ́n bá wá kó èèyàn àti àpótí kún un, bíi bọ́ọ̀sì tí wọ́n kó ẹrù jù lé lórí ni, àmọ́ bọ́ọ̀sì lè dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Epo tí omi wọ̀ náà lè pa ẹ́ńjìnnì lójú òfurufú. Ìdí nìyẹn tí awakọ̀ fi máa ń fa epo díẹ̀ jáde wò kó tó gbéra. Gbogbo ẹni tó bá ní jẹnẹrétọ̀ ló mọ ohun tí omi ń ṣe nínú epo.

Gbogbo nǹkan wọ̀nyí ni awakọ̀ lè rí lórí ilẹ̀. Ohun tó kù ni bóyá wọ́n á gbà fún un kó sọ ohun tó rí.

Ilẹ̀ Yorùbá ti rí tirẹ̀. Ní ọjọ́ 1, oṣù kẹjọ, ọdún 2023, bàálù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Jabiru já sí òpópónà Ọba Akran ní Ìkẹjà, lọ́sàn-án, níbi tí ọkọ̀ àti èèyàn máa ń pọ̀ sí. Láàyè ni wọ́n yọ àwọn tó wà nínú rẹ̀ jáde. Ní ọjọ́ 3, oṣù kọkànlá, ọdún kan náà, bàálù aládàáni tó gbé Adébáyọ̀ Adélabú, tó jẹ́ mínísítà iná mànàmáná nígbà náà, wá sí Ìbàdàn kò dúró lójú ọ̀nà tó yẹ kó bà sí, inú igbó ló wọ̀. Níbẹ̀ náà, kò sẹ́ni tó kú.

Àwọn mìíràn kò rí irú oore bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 3, oṣù kẹwàá, ọdún 2013, bàálù tí wọ́n háyà láti fi gbé òkú gómìnà Oǹdó tẹ́lẹ̀, Dókítà Olúṣẹ́gun Àgágù, láti Ìkẹjà lọ sí Àkúrẹ́ já láìpẹ́ tó kúrò nílẹ̀. Nínú èèyàn 20 tó wà nínú rẹ̀, 16 ló kú. Ìwádìí ìjọba fi hàn pé nígbà tí bàálù náà ṣì ń sáré lórí ilẹ̀ ni àmì ti hàn sáwọn awakọ̀ pé nǹkan kò lọ déédé, síbẹ̀ wọ́n ń bá eré náà lọ. Kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn. Àmọ́ gbogbo ẹni tó bá ti ṣe ìsìnkú rí ló mọ bí àkókò ṣe máa ń lé èèyàn lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọdún kan ṣáájú ìyẹn, ní ọjọ́ 25, oṣù kẹwàá, ọdún 2012, Danbaba Suntai, gómìnà ìpínlẹ̀ Tàràbà, fúnra rẹ̀ ló ń wa bàálù Cessna tó já nítòsí Yólà. Ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù. Ó yè é, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ fara gbọgbẹ́, ara rẹ̀ kò sì padà bọ̀ sípò títí tó fi kú lọ́dún 2017. Bí ọ̀gá pátápátá bá jẹ́ ẹni tó di ọwọ́ ọkọ̀ mú, ta ni yóò sọ fún un pé kó sinmi títí di ọ̀la?

Àwọn kan á ní awakọ̀ ló mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá ti gbà láti lọ, kí ló kan ẹni tó sanwó? Ikú Kobe Bryant, gbajúgbajà agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, dáhùn ìbéèrè yẹn. Ní ọjọ́ 26, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2020, hẹlikọ́pítà tó háyà já ní Calabasas, nítòsí Los Angeles. Òun, ọmọbìnrin rẹ̀ àti àwọn méje mìíràn ló bá a lọ. Ìkùukùu bo ojú ọ̀nà lọ́jọ́ náà, síbẹ̀ awakọ̀ wọ inú rẹ̀ lọ. Àjọ NTSB, tó ń wádìí jàǹbá ọkọ̀ nílẹ̀ Amẹ́ríkà, kò rí i pé ẹnikẹ́ni fipá mú un. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé awakọ̀ náà ló fúngun mọ́ ara rẹ̀, nítorí kò fẹ́ já oníbàárà rẹ̀ kulẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ńlá nìyẹn fún ẹni tó bá ń sanwó. Dídákẹ́ rẹ̀ kò tó. Bí ó bá dákẹ́, awakọ̀ yóò ka ìdákẹ́jẹ́ yẹn sí pé, "Ṣe bí o ti máa ṣe é, ṣáà gbé mi débẹ̀." Ó gbọ́dọ̀ la ẹnu rẹ̀, kó sì sọ ọ́ kí ọjọ́ tó pé: "Bí ojú ọjọ́ kò bá dára, a ò ní lọ, mi ò sì ní bínú." Kí wọ́n tún kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé bí awakọ̀ bá ní òun kò lọ, wọ́n á sún ọjọ́ síwájú tàbí kí wọ́n dá owó padà, kò sì sí ìtanràn fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń ṣètò ìnáwó ní Ifẹ̀ lè fi ìlà méjì bẹ́ẹ̀ sínú ìwé tó ń bá oníbàárà fọwọ́ sí. Kó sì ní mọ́tò tó dára nílẹ̀, kí ìyàwó lè dé láì sí hẹlikọ́pítà.

Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ ló tẹ̀ lé e. Àjọ NCAA, tó ń bójú tó ìrìnnà òfurufú ní Nàìjíríà, ń fún èèyàn ní oríṣi ìwé méjì tó yẹ kí oníṣòwò dá mọ̀. AOC ni ti ilé iṣẹ́ tó ń gbé èrò fún owó. PNCF ni ti ẹni tó ń fi bàálù rẹ̀ gbé ara rẹ̀ àtàwọn èèyàn rẹ̀ kiri. Ẹni tó ní èyí kò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ èrò. Lọ́dún 2024, NCAA dá ìwé àṣẹ àwọn kan dúró nítorí pé wọ́n ń fi PNCF ṣòwò. Bí ẹnìkan bá ní òun á gbé èèyàn ní owó pọ́ọ́kú ju ti ilé iṣẹ́ gidi lọ, ó yẹ kí oníṣòwò bi í léèrè irú ìwé tó ní, kó sì béèrè lọ́wọ́ NCAA bóyá òótọ́ ni. Ẹni tó ń tajà mọ̀ pé ọjà tó pọ́ọ́kú jù máa ń ní ìdí.

Ìnṣọ́ránsì náà so mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ìwé ìnṣọ́ránsì jàǹbá ara ẹni ló ní gbólóhùn kan tí ojú kì í sábà kàn: bí ẹni tó ra á bá kú sínú bàálù, ilé iṣẹ́ kò ní sanwó, àfi kó jẹ́ èrò tó sanwó wọ bàálù tó ní ìwé àṣẹ láti gbé èrò. Ẹni tí wọ́n ṣe lóore, tí wọ́n ní kó bọ́ sínú bàálù ọ̀gá kan lọ́fẹ̀ẹ́, lè má sí lábẹ́ rẹ̀ rárá. Kí oníṣòwò mú ìwé tirẹ̀ jáde, kó kà á, kó sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún un.

Ohun tó mú kí èyí ká oníṣòwò kékeré lára ju olówó lọ rèé. Ní ọjọ́ 9, oṣù kejì, ọdún 2024, Herbert Wigwe, ọ̀gá àgbà Access Holdings, kú nínú hẹlikọ́pítà tí wọ́n háyà, tó já lóru ní California. Ìyàwó rẹ̀, ọmọ rẹ̀, Abímbọ́lá Ògúnbánjọ, tó ti jẹ́ alága NGX Group rí, àtàwọn awakọ̀ méjèèjì ló bá a kú. Ojú ọjọ́ kò dára lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀fọ̀ ńlá ni. Síbẹ̀, nígbà tó fi máa di ọjọ́ 12, oṣù yẹn kan náà, Access Holdings ti kéde Bolaji Agbede pé kó máa delé gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá àgbà. Báńkì ṣí, àwọn oníbàárà gba owó wọn.

Ṣọ́ọ̀bù tó wà ní Lágere kò ní ìgbìmọ̀ olùdarí. Ẹni kan ló mọ ẹni tó jẹ wọ́n lówó, òun nìkan ló ń fọwọ́ sí ṣẹ́ẹ̀kì, orí fóònù rẹ̀ ni nọ́ńbà àwọn tó ń kó ọjà fún un wà. Bí ẹni náà bá lọ lójijì, owó tí àwọn oníbàárà jẹ ẹ́ lè bá a lọ, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ á sì tú ká. Kó tó wọ bàálù èyíkéyìí, kódà kó tó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Èkó, ó yẹ kí ẹnìkan nílé mọ ibi tí ìwé gbèsè wà àti ẹni tó lè fọwọ́ sí owó.

Àwọn kan á ní kádàrá ni gbogbo rẹ̀, pé bí ọjọ́ bá pé, èèyàn á lọ. Àwọn àgbà tó gba kádàrá gbọ́ náà ló sọ pé ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Àwọn kan náà ló ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Oníṣòwò tó bá ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lálẹ́ kò sọ pé òun kò gba Ọlọ́run gbọ́.

Nítorí náà, ní ọjọ́ tí bàálù kékeré bá ń dúró, tí awakọ̀ sì gbójú sókè wo ojú ọ̀run tí kò sọ̀rọ̀, ẹni tó sanwó ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kó bi í pé, "Ṣé ó dára ká lọ?" Bí awakọ̀ bá ní rárá, kó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n padà lọ́la.