Iná Tí Ó Wà Nínú Yìnyín

Bí ẹnìkan bá wí fún yín pé yìnyín kan wà tí ń jó bí àtùpà, ẹ má pè é ní òpùrọ́. Ó wà nísàlẹ̀ òkun jíjìn, ó sì wà nínú ilẹ̀ tí ó dì gbagidi ní ìhà àríwá ayé. Òtútù àti ìwúwo ohun tí ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni ó mú kí omi àti gáàsì dì pọ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé àpótí kan gùn ní mítà kan, ó fẹ̀ ní mítà kan, ó sì ga ní mítà kan. Bí yìnyín yìí bá kún un, gáàsì inú rẹ̀ yóò kún irú àpótí bẹ́ẹ̀ bí 160!

Ìṣòro rẹ̀ ni ọ̀nà àtiyọ ọ́. Ní ọdún 2002, ní Mallik ní ilẹ̀ Kánádà, omi gbígbóná ni wọ́n fi yọ́ ọ. Ní ọjọ́ márùn-ún, gáàsì tí wọ́n rí kò kún àpótí 500. Ẹni tí ó bá fi igi ẹgbẹ̀rún náírà dín àkàrà ẹgbẹ̀ta náírà, ṣé ọjà rẹ̀ lè dúró?

Ní 2008 wọ́n yí ọgbọ́n padà níbẹ̀. Wọ́n fa omi inú kànga sókè, kí ẹrù tí ó tẹ yìnyín náà mọ́lẹ̀ lè fúyẹ́. Bí ó ti fúyẹ́, yìnyín tú fúnra rẹ̀, gáàsì sì jáde. Ní ọjọ́ mẹ́fà péré, wọ́n rí bí àpótí 13,000. Ọgbọ́n ju agbára lọ.

Àwọn ará Jàpáànì gbé ọgbọ́n yìí wọ òkun ní 2013. Wọ́n rí bí àpótí 120,000 ní ọjọ́ mẹ́fà, ṣùgbọ́n iyanrìn ya wọ inú kànga, iṣẹ́ sì dúró. Nígbà tí wọ́n padà lọ ní 2017, iyanrìn tún dá kànga kan dúró, ṣùgbọ́n èkejì ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ 24. Ní 2020, àwọn ará Ṣáínà gbẹ́ kànga tí ó sùn gbọọrọ sínú ilẹ̀ abẹ́ òkun wọn. Ní ọgbọ̀n ọjọ́, ohun tí wọ́n rí ju àpótí 860,000 lọ.

Síbẹ̀, ìdánwò ni gbogbo ìwọ̀nyí. Ẹ̀yin oníṣòwò mọ̀ pé ọjà púpọ̀ nínú àká kì í ṣe èrè. Iye tí a ná kí ó tó dé ìsọ̀ ni a kọ́kọ́ ń yọ. Bí gáàsì náà bá sì jò sójú ọ̀run láìjó, a máa mú kí ayé gbóná. A ti rí irú yìnyín yìí nísàlẹ̀ òkun Nàìjíríà wa pẹ̀lú. Bí ẹnikẹ́ni bá wá fi ṣèlérí ọrọ̀ fún yín, ẹ bi í léèrè kan ṣoṣo: èló ni ẹ ó ná kí ẹ tó yọ ọ́?